Orúkọ Tí Wọ́n Kọ Sábẹ́ Ìyàwó Mi ní Obiagu

Gbé fóònù yẹn kúrò níwájú mi ná, Fúnmi. Mo ní kí o gbé e kúrò. Mo ti rí i, ojú mi ò tíì fọ́. Jókòó. Ìwọ náà, Ṣẹ́gun, jókòó, yé bẹ̀ mí, ẹ ò ṣẹ̀ mí. Ẹ̀yin àgùnbánirọ̀ méjì tí ẹ ò tíì lo oṣù mẹ́ta ní Enugu, tí ẹ wá kí àgbàlagbà ìjọ yín lẹ́yìn ìsìn, tí ẹ ní ẹ fẹ́ fi àwòrán tó dára hàn án, kí lẹ mọ̀? Ẹ rí ògiri, ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ rí obìnrin tó ru garawa omi, ẹ ka orúkọ tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀, ẹ sì gbà á gbọ́. Ká ní èmi ni, èmi náà á gbà á gbọ́.

Irọ́ ni. Ìyàwó mi ni obìnrin yẹn. Orúkọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ rárá. Orúkọ ẹni tó ti omi mọ́lé lọ́jọ́ tí iná ń jó ni. Ẹ jẹ́ kí n mumi ná. Inú ń bí mi, mi ò ní purọ́ fún yín.

Ẹ ò lè mọ bí Obiagu ṣe rí nígbà yẹn. Ìjọba ló gbé mi wá sí Enugu, sí ọ́fíìsì kan tí a ti ń ya àwòrán ìlú sórí pépà: òpópónà, gọ́tà, igun ilé. Ọ̀dọ́ ni mí, mi ò mọ ẹnì kankan, mo gba yàrá kan ní Obiagu torí pé mo lè fẹsẹ̀ rìn débi iṣẹ́. Láàárọ̀, garawa ló ń jí mi. Garawa onírin ni, táwọn obìnrin máa ń tò sídìí ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, tí wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ tì í síwájú bí ẹni iwájú bá ti pọn tirẹ̀ tán, tí yóò máa dún ká-ká-ká lórí òkúta. Kò ní pẹ́ tí ẹni tó ń ta okpa gbígbóná á fi kọjá, ewé ló fi ń wé e bíi mọ́ín-mọ́ín, ooru rẹ̀ á máa yọ láti inú agbọ̀n. Ẹ débẹ̀ nísinsìnyí, kí lẹ gbọ́? Fèrè kẹ̀kẹ́ Márúwá, jẹnẹrétọ̀, àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta tó kọjú síra wọn. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, èmi fúnra mi ará ṣọ́ọ̀ṣì ni, àmọ́ ariwo yẹn ti pọ̀ jù.

Ògiri ilé-ìwé kan wà ní ìparí òpópónà wa, ògiri gígùn báyìí. Ẹ mọ ìṣe àwọn ará ibí: bí Kérésì bá ti ku díẹ̀, gbogbo wọn á kó lọ sí abúlé. Wọ́n á di ẹrù sórí bọ́ọ̀sì títí orí bọ́ọ̀sì á fẹ́rẹ̀ẹ́ ga ju ilé lọ, ewúrẹ́ á máa ké, ọmọdé á máa ké, ìyá kan á rántí pé òun ò ti ilẹ̀kùn, ọkọ rẹ̀ á sì máa ṣépè. Tí wọ́n bá ti lọ tán, Obiagu á dá páropáro. Àwa Yorùbá díẹ̀ ló máa ń kù, torí ọ̀nà tiwa jìn, ọjọ́ ìsinmi ìjọba ò sì tó o lọ tó o bọ̀. Sọ́ńdè náà máa ń kù. Sọ́ńdè ló ń kọ lẹ́tà sára ọkọ̀ àti sára ṣọ́ọ̀bù ní àdúgbò wa, ọmọ ibí ni, ó ní òun àti ẹ̀gbọ́n òun ò gbọ́ra wọn yé nílé.

Kí ẹnikẹ́ni tó wọkọ̀ lọ sílé, ó ní láti yà ní ṣẹ́ẹ̀dì Sọ́ńdè, kó sọ ohun tójú rẹ̀ rí lọ́dún náà. Ẹni tó bímọ á sọ. Ẹni tí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ á sọ. Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ kó lọ ò ní fẹ́ sọ, àmọ́ aládùúgbò rẹ̀ á bá a sọ ọ́. Sọ́ńdè á wá fi gbogbo ọjọ́ tí àdúgbò fi dákẹ́ ya ọ̀rọ̀ ọdún náà sára ògiri ilé-ìwé. Èmi ni mo máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún un, torí tí o bá bá Sọ́ńdè sọ̀rọ̀ láàárọ̀, kó tó jẹun ọ̀sán ó ti gbàgbé. Mo ra ìwé ẹlẹ́yìn líle kan, èdè Yorùbá ni mo fi ń kọ ọ́, torí òun lọ́wọ́ mi yá sí jù. Tó bá di ìgbà tó fẹ́ ya ti ẹnì kan, mo máa ń jókòó sórí agolo ọ̀dà, mo sì máa ń túmọ̀ rẹ̀ fún un ní Pidgin. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní ọ́fíìsì, ilé nìkan ni, kò sí èèyàn nínú rẹ̀. Ìdí ògiri yẹn ni mo ti mọ àwọn tó ń gbénú ilé tí mò ń yà.

Tó bá wá di oṣù kìíní, tí wọ́n padà dé, wọn ò ní tíì tú ẹrù tí wọ́n á ti sáré lọ wo ògiri. Òfin kan sì wà. Ẹni tí àwòrán rẹ̀ ò bá tẹ́ lọ́rùn, kó gbé ọ̀dà tirẹ̀ wá kí oṣù náà tó parí, kó dúró níṣojú gbogbo èèyàn, kó sọ ohun tó fẹ́ kí Sọ́ńdè tún ṣe. Tí oṣù bá parí tí o ò yọjú, o ti gbà pé òótọ́ ni nìyẹn. Ọ̀gá ilé-ìwé kan wà tó ti ibi ìgbéyàwó bọ̀ tó já sí gọ́tà. Sọ́ńdè yà á. Ọ̀gá gbé ọ̀dà wá, ó wọ kóòtù, ó ní òun ò ṣubú, òun jókòó ni. A jiyàn ọ̀rọ̀ yẹn títí oòrùn fi kan àtàrí. Nígbà tó yá, Sọ́ńdè tún un ṣe bó ṣe fẹ́: ó jókòó sínú gọ́tà, ó ká ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó sì wọ táì. A rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú wa, òun náà sì rẹ́rìn-ín.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, mo ti fẹ́ Ngọzi. Ọmọ ibí ni, iṣẹ́ olùkọ́ ló ń ṣe, a ti bí Bùnmi, ó sì lóyún oṣù méje. Torí oyún yẹn ni kò ṣe bá àwọn èèyàn rẹ̀ lọ sílé. Ọyẹ́ mú gan-an lọ́dún yẹn, erùpẹ̀ pupa bo gbogbo nǹkan, ẹ̀rọ omi ti gbẹ láti bí ọ̀sẹ̀ kan. Ẹnì kan ṣoṣo ló lómi lóòpópónà wa, Màmá Obi, ìyá onílé kan tó ní ilé alájà kan. Ó ní táǹkì ńlá kan nínú ọgbà rẹ̀, ó sì fi àgádágodo ti géètì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, sítóòfù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan gbiná nínú àwọn ilé onípákó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì Sọ́ńdè. Ẹ rò ó wò: pákó, ọyẹ́, ọ̀dà, kẹrosíìnì. Àwọn yòókù tó ni àwọn yàrá yẹn ti lọ sábúlé, gbogbo ohun tí wọ́n ní láyé wà níbẹ̀. Bàbá arúgbó kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ sì wà nínú yàrá kẹta. A ò ju bí èèyàn mẹ́wàá lọ tó kù lóòpópónà. A sáré lọ sílé Màmá Obi. Ó yọjú lójú fèrèsé òkè, ó ní, “Na my water! Make una go find una own!” Èmi dúró lábẹ́ fèrèsé, mò ń bẹ̀ ẹ́. “Mama, abeg. Mama, biko.” Bí mo ṣe ń bẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ ni mo gbọ́ gbàù! Mo yíjú. Ìyàwó mi ló gbé ọmọ odó wá látilé, tó ń fi lu àgádágodo. Ó lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́rin kó tó já. Kò bẹ ẹnikẹ́ni. Kò tiẹ̀ wo òkè.

Ó kọ́kọ́ gbé garawa rù, ó sáré, ó padà wá. Mo ní, “Ngọzi, oyún!” Ó ní, “Papa Bunmi, carry water, leave talk.” Bẹ́ẹ̀ ló wí. Sọ́ńdè pọn bàbá arúgbó yẹn jáde, páànù ń fọ́ pẹ́ẹ́-pẹ́ẹ́ lórí wa, yàrá méjì ló jóná, a sì gba ìyókù sílẹ̀. Oyún yẹn, Délé ni. Ẹ mọ Délé, òun ló ṣílẹ̀kùn fún yín nígbà tí ẹ wọlé.

Sọ́ńdè ò ya nǹkan mìíràn lọ́jọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e. Ó ya Ngọzi, ó tóbi ju gbogbo àwòrán tó ti yà síbẹ̀ rí lọ: gèlè pupa, oyún níwájú, garawa lórí, ọmọ odó lọ́wọ́. Nígbà tó parí, ó fa ìlà méjì tí lẹ́tà máa dúró lé, ó ri búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà dúdú. Mo ní, “Sọ́ńdè, dúró.” Ẹ mọ ohun tó wá sí mi lójú? Pósítà òkú. Gbogbo ògiri Enugu ló wà títí dòní: ojú èèyàn lókè, orúkọ nísàlẹ̀, ó ti kú nìyẹn. Orúkọ wà lábẹ́ àwòrán àwọn yòókù lóòótọ́, kò sì ṣe mí ní nǹkan kan, àmọ́ ìyàwó mi lóyún. Mo ní kò gbọdọ̀ kọ orúkọ aboyún mi síbẹ̀. Sọ́ńdè wò mí, ó ní, “Oga, who go know am tomorrow?” Mo fi í rẹ́rìn-ín. Mo ní gbogbo Obiagu ló mọ̀ ọ́n. Ó nu búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ìlà méjì yẹn wà níbẹ̀ lófìfo.

Èmi ni mo ṣe é. Kò sẹ́ni tó tì mí. Tí mo bá ń bínú sí ẹlòmíràn, ẹ máa rántí pé ara mi ni mo kọ́kọ́ ń bínú sí.

Àwọn èèyàn ti abúlé dé. Wọ́n rí ògiri, wọ́n rí yàrá wọn tí kò jóná, àwọn obìnrin gbé iṣu wá sílé wa títí a ò fi rí ibi kó o sí. Màmá Obi náà wá wo ògiri. Ó wo ọmọ odó yẹn fún ìgbà pípẹ́, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó sì lọ sílé. Oṣù kìíní parí, kò gbé ọ̀dà wá. Ó ní gbogbo oṣù yẹn láti wá sọ pé irọ́ la pa mọ́ òun, kò wá.

Ojú ni ó ti ìyàwó mi. Ẹ ò ní gbà á gbọ́. Ó ní olùkọ́ ni òun, òun ò gbọdọ̀ máa fọ́ ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn. Ó ra àgádágodo tuntun, ó gbé e lọ bá Màmá Obi, ó kúnlẹ̀. Ìyá yẹn gba àgádágodo, ó sì pa ilẹ̀kùn dé. Ngọzi bá ní òun ò fẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́ ọ rárá, kí wọ́n má lọ máa fọ́ nǹkan èèyàn kiri. Mo ṣèlérí. A kó lọ sí Achara Layout níbí kí Délé tó mọ ohun tí ojú ń rí. Sọ́ńdè kú. Kò sẹ́ni tó jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ àdúgbò mọ́, oníkálùkù ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́rí. Wọ́n lẹ pósítà ìbò mọ́ ògiri, wọ́n lẹ ti ìsọjí lé e, wọ́n lẹ ti òkú lé ìyẹn. Ngọzi náà papò dà, ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Mi ò fẹ́ sọ ìyẹn.

Ọdún tó kọjá ni àwọn ọ̀dọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàkójọ àwòrán ara ògiri ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, wọ́n fẹ́ kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé. Ohun tó dára ni, mi ò bú wọn. Wọ́n fara balẹ̀ ṣí pósítà yẹn kúrò títí gèlè pupa fi yọ. Wọ́n wá ń béèrè, ta ni obìnrin yìí? Obi, ọmọ Màmá Obi, tó ti di ọ̀gá ńlá ní Independence Layout, ló ní ìyá òun ni. Ó ní ìyá òun ló ṣí táǹkì rẹ̀ fún àdúgbò lọ́jọ́ iná. Ọmọ odó ńkọ́? Ó ní ó máa ń gúnyán fún gbogbo òpópónà. Gbogbo òpópónà! Màmá Obi tí kì í fún èèyàn ní iyọ̀!

Wọ́n tiẹ̀ wá mi wá. Ẹnì kan sọ fún wọn pé bàbá Yorùbá kan wà tó ń kọ nǹkan sílẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà, mo lọ sin ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, mo sì pẹ́ níbẹ̀. Délé ló gbà wọ́n lálejò. Ó rí ìwé ẹlẹ́yìn líle yẹn nínú àpótí, ó ṣí i, kò lè kà á, àwọn náà ò lè kà á. Ó sọ fún wọn pé ó dà bíi pé àkọsílẹ̀ ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì Daddy òun ni. Wọ́n mu mínírà, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì lọ.

Ẹ má dá Délé lẹ́bi. Nígbà tí mo fẹ́ ìyá rẹ̀, a jókòó sọ ọ́ bí ọmọlúàbí méjì pé tí a bá ń sọ Yorùbá nílé, ó máa dà bíi pé mo rẹ́ ẹ jẹ, tí a bá ń sọ Igbo, á dà bíi pé ó rẹ́ mi jẹ. A bá mú Gẹ̀ẹ́sì. A rò pé ọgbọ́n ni. Àwọn èèyàn ń yìn wá. Ẹnikẹ́ni nínú wa ò rẹ́ ẹnìkejì jẹ o, àwọn ọmọ la rẹ́ jẹ.

Ọjọ́ tí mo ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, Délé gbé fóònù wá bí ẹ ṣe gbé e wá lónìí. Ó ní Daddy, ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣí àwòrán Obiagu yẹn, òun náà lọ. Mo wò ó. Wọ́n ti tún àwòrán yẹn kùn, ó ń dán. Lórí ìlà méjì tí Sọ́ńdè fà, wọ́n ti kọ orúkọ Màmá Obi gàdàgbà. Obi ń sọ̀rọ̀, àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Mo rí ọmọ mi láàárín wọn, ó dúró ti àwòrán yẹn gan-an, ó gbé ọwọ́ sókè, òun náà ń pàtẹ́wọ́. Inú oyún tí wọ́n yà lẹ́yìn rẹ̀ yẹn ló wà lọ́jọ́ náà. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, “Daddy, dat woman try o.”

Mo pariwo. Mo sọ fún un, ìyá rẹ ni! Ó kọ́kọ́ rò pé àárẹ̀ ọ̀nà ni. Nígbà tó rí i pé mi ò ṣeré, ó pa fóònù, ó ní, kí ló dé tí mi ò sọ fún òun láti ọjọ́ yìí?

Mo lọ bá ọmọbìnrin tó ń darí iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ yẹn. Ọmọ tó níwà ni, ó fún mi ní àga. Ó ní ìwé ti jáde, sà, àti pé ṣé mo ní ẹ̀rí? Mo fi fọ́tò àtijọ́ kan tí mo ya lára ògiri yẹn nígbà náà hàn án. Ó wò ó, ó ní, “Sir, there is no name here.” Òótọ́ ló sọ. Mo lọ bá Obi nílé rẹ̀. Ó ní kí n jókòó, mi ò jókòó. Mo ní o mọ̀ pé irọ́ lò ń pa. Kò bínú. Ó béèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ́wọ́ mi: omi ta ni ó pa iná yẹn? Omi ìyá rẹ̀ ni, lóòótọ́. Mo yíjú, mo sì wá kẹ̀kẹ́ wọ̀.

Mo padà sọ́dọ̀ ọmọbìnrin yẹn. Ó ní bí ẹnì kan nínú ẹbí mi bá lè ka ìwé náà, kó wá sọ ohun tó wà níbẹ̀ níwájú àwọn, tí kì í ṣe èmi nìkan, àwọn máa tún un wò. Ó ní ọmọ yín ńkọ́? Mo ní màá bi í.

Ẹ̀yin méjèèjì lè kà á, mo mọ̀, mo gbọ́ bí ẹ ṣe ka ẹ̀kọ́ kìíní láàárọ̀ yìí. Fúnmi, tí o bá fẹ́ bá mi lọ síbẹ̀, màá dúpẹ́. Àmọ́ kì í ṣe ìwọ ló wà nínú oyún yẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, lẹ́yìn oúnjẹ, Délé gbé àga sún mọ́ mi. Ó ní kí n ka ibi tí mo kọ ti ìyá òun sí. Mo ní kí n sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní rárá, òun ti gbọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, bí mo ṣe kọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn ni kí n ṣe kà á. Mo wọ díígí mi. Ojú ìwé mẹ́ta ni. Mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mi ò fo nǹkan kan, kò sì mirí, kò wo fóònù. Nígbà tí mo parí, mo bi í pé ṣé ó gbọ́. Ó ní òun gbọ́ omi, òun gbọ́ iná, òun sì gbọ́ orúkọ ìyá òun. Ìyókù, ó ní òun ò gbọ́.